Bọ́ọ̀dù Rẹ Dà?

Ká tó bú ẹlòmíì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bú Màmá Bọ́ọ̀dù, torí òun ni òpè àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó mọ̀. Bó ṣe mọ orúkọ ọmọ rẹ̀ ló ṣe mọ̀ pé ọpọlọ kọ̀ǹpútà méjì tí òun ń dì sínú páálí fún ọkùnrin kan tí a ó máa pè ní Onítáì lọ́jọ́ Ajé kan kò ní í wọ ibi tó ń gbé wọn lọ. Ó mọ̀, ó sì panu mọ́. Kò tiẹ̀ panu mọ́ lásán. Ó bá a fi sẹ́lótéèpù yí páálí náà ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ní kó máa rìn jẹ́jẹ́, kó má lọ já a sílẹ̀. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí ìdí rẹ̀ ti ju àga ọlọ́wọ́ lọ, tí orúnkún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ó yẹ kó ti dàgbà kọjá ẹni tó ń fi ìkùnsínú tajà. Kò tíì dàgbà. Ara ló gbó, ìwà ò bá a gbó.

Inú sáfà ló ń tà. Sáfà ni kọ̀ǹpútà ńlá tí kì í sùn, tí àwọn ilé iṣẹ́ ń kó àkọsílẹ̀ wọn sí. Tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá bá ti lo tiwọn gbó, wọ́n á tú u ká, àlòkù rẹ̀ á sì balẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù Màmá Bọ́ọ̀dù, lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta kan, níbi tí gbogbo ẹni tó bá ń gòkè ti ń fi bàtà kàn án lórí. Bọ́ọ̀dù ni pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ ń jókòó lé. Ọpọlọ ni irin pẹlẹbẹ, kò ju bisikíìtì lọ, òun ló ń ronú. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ni àga tí ọpọlọ ń jókòó sí lórí bọ́ọ̀dù. Rámù ni igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọpọlọ fi ń rántí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́. Ọpọlọ, sọ́kẹ́ẹ̀tì àti rámù gbọ́dọ̀ bára wọn mu bí ọmọrí ṣe ń bá ìkòkò mu, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, irin lásán lèèyàn kó jọ.

Òkú bọ́ọ̀dù ló kún ara ògiri ṣọ́ọ̀bù náà, ó fi ìṣó kàn wọ́n mọ́ ọn láti òkè dé ilẹ̀. Èyí tó wà lókè pátápátá, òun fúnra rẹ̀ ló pa á lọ́dún tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀rá funfun tí wọ́n ń fi sẹ́yìn ọpọlọ kí ooru má bàa pa á ló tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá bu ìpara ara rẹ̀ sí i. Fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ẹ̀rọ náà fi ń ta sánsán bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Lọ́jọ́ kẹrin ó kú. Tí oníbàárà bá béèrè ohun tó pa á, Màmá Bọ́ọ̀dù á ní ẹwà ló pa á.

Àwọn òkú yìí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Kò sí ọpọlọ tó ń jáde ní ṣọ́ọ̀bù yẹn àfi tó bá kọ́kọ́ gbé e jókòó lé òkú. Tí òkú bá gbà á wọ́ọ́rọ́wọ́, alààyè náà á gbà á. Kó sì tó nawọ́ ohunkóhun sí oníbàárà, ìbéèrè kan ń bẹ tó máa ń bi ọba, tó máa ń bi ẹrú: "Bọ́ọ̀dù rẹ dà?" Kó gbé e wá, tàbí kó ya fọ́tò rẹ̀ wá. Ẹni tí kò bá ní méjèèjì, kó padà sílé. Ó ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri, nítorí àwọn tí etí wọn di.

Lọ́jọ́ Ajé náà, òórùn lọ́fínńdà ló kọ́kọ́ wọlé, táì tẹ̀lé e, ẹni tó ni wọ́n wá wọlé kẹ́yìn. Oòrùn ọ̀sán yẹn lè dín ẹyin lórí páànù, ọkùnrin yìí so táì mọ́rùn bí ẹran tí wọ́n fẹ́ mú lọ sọ́jà. Ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi ọ̀rá wé. Ó wo Màmá Bọ́ọ̀dù tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku lára bọ́ọ̀dù kan, ó gbé ohùn sókè, ó ń fa ọ̀rọ̀ gùn bí ẹni tó ń bá odi sọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ bá mi pe ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù."

Màmá Bọ́ọ̀dù wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú. Kò rí ẹlòmíì. "Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ti jáde. Èmi ni mò ń bá a nu eruku."

"Ṣé ẹ̀ẹ́ wá lè mọ ohun tí mo fẹ́?"

"Tẹ́ ẹ bá nawọ́ sí i, ojú mi ò fọ́."

Ó nawọ́ sí ọpọlọ méjì nínú àwo gíláàsì. "Alójú ẹgbàá lé mọ́kànlá ni mo fẹ́. Ẹgbàá lé mọ́kànlá o, màmá. Méjì. Kẹ́ ẹ sì fi rámù mẹ́jọ tó bá a lọ sí i. Ṣé ẹ lè kàwé?"

"Ojú èèyàn ni mo máa ń kà."

Ibi tí gbọ́nmisi-omi-ò-to wà nìyí. Ọpọlọ tó ní ojú ẹgbàá lé mọ́kànlá nísàlẹ̀, ìyẹn àmì wẹ́wẹ́ tí abẹ́rẹ́ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ń kàn, ẹ̀gbọ́n ń bẹ nínú wọn, àbúrò ń bẹ. Iye ojú kan náà, ìwọ̀n kan náà, wọ́n fẹ́ẹ̀ jọ ara wọn tán. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n gé létí ẹ̀gbọ́n kọ́ ni wọ́n ti gé àbúrò. Ẹ̀gbọ́n ń lo rámù ìran kẹta, àbúrò ń lo ìran kẹrin. Èkíní ò lè jókòó sórí àga èkejì, kò sì sí ìpàdé ẹbí tó lè parí ìjà yẹn. Ẹ̀gbọ́n méjì ni Onítáì nawọ́ sí. Nísàlẹ̀ ìwé tó fi ọ̀rá wé, Màmá Bọ́ọ̀dù rí orúkọ bọ́ọ̀dù tó ti rà síbi iṣẹ́ ní tirẹ̀: bọ́ọ̀dù àbúrò.

Ó la ẹnu. Ìbéèrè náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀, ó ti kan eyín.

"Màmá, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu," ni Onítáì wí, "ẹ ṣáà ti dì í. Iṣẹ́ àwọn tó rójú jókòó nílé ìwé nìyí. Kì í ṣe ti eruku."

Màmá Bọ́ọ̀dù pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó dì í. Nígbà tí táì náà kọjá ìkóríta tán, ó rẹ́rìn-ín títí tí ìhà fi ń dùn ún, ó sì ké sí aránṣọ tó wà ní òdìkejì ọ̀nà pé kó wá gbọ́ bí ọ̀mọ̀wé ṣe ra ẹ̀gbọ́n lọ fún àga àbúrò. Àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín. Ó sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Lọ́jọ́rú, ọ̀sán ń pọ́n, ọmọ rẹ̀ obìnrin wọlé. Akọ̀wé ni ìyá rẹ̀ ń pè é, torí láti kékeré ló ti máa ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀, tó fi mọ́ èébú tí àwọn ọmọ ilé ìwé bú u àti ọjọ́ tí wọ́n bú u. Òun ló ń ṣe olórí yàrá àkọsílẹ̀ nílé ìwòsàn àwọn aláboyún. Ó dojú páálí kan dé, ó jókòó lé e, ó bọ́ bàtà.

"Sáfà wa kú lọ́sẹ̀ tó kọjá," ló wí.

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá? O ò sì sọ fún mi?"

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Àkọsílẹ̀ ò bàjẹ́, ó wà nínú dísìkì, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tó máa kà á. Ọdún méjìlá ni. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ìyá wọn, ohun tí ara wọn ò gbà, gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní kí n wá ẹni tó máa to sáfà tuntun. Mo wá ẹnì kan. Èmi ni mo fọwọ́ sí i. Ó ti tò ó, kò tàn. Ó wá lọ sọ fún Mẹ́tírọ́ọ̀nù pé èmi ni mo júwe nǹkan tí kò dáa fún òun. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, àwọn alábòójútó ń bọ̀. Tí wọn ò bá rí àkọsílẹ̀ ṣí, màá kúrò ní yàrá yẹn. Ẹnu géètì ni wọ́n ní kí n lọ, kí n máa pín nọ́ńbà fún àwọn tó ń tò."

Ọdún mọ́kànlá ló fi rìn dé yàrá yẹn, láti orí fífi ọwọ́ to káàdì. Ìyá rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ẹni tó tò ó yìí," ni Màmá Bọ́ọ̀dù wí, "báwo ló ṣe rí?"

"Kò burú láti wò. Ó máa ń so táì."

Búrọ́ọ̀ṣì dúró lọ́wọ́ Màmá Bọ́ọ̀dù.

"Kí ló dé tí o ò pe èmi?"

"Wọ́n á ní mò ń kó iṣẹ́ lọ sílé." Akọ̀wé ń wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. "Wọ́n sì tún máa ń béèrè ìwé ẹ̀rí."

Màmá Bọ́ọ̀dù gbé ìyẹn mì bí oògùn kíkorò, kò bu omi lé e. Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó mú àpò irinṣẹ́. "Ó yá, jẹ́ ká lọ wò ó."

Yàrá tí sáfà wà nílé ìwòsàn náà, ibi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí ni tẹ́lẹ̀. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tín-ín-rín. Màmá Bọ́ọ̀dù kọjú sí i, kò wọlé. Ó kọ̀yìn sí i, ìyẹn tilẹ̀ burú jù. "Ẹ wò ó," ló wí fún àwọn nọ́ọ̀sì méjì tó ń fà á ní apá, "èmi náà ò bá sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí mu." Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi gbé e wọlé nígbẹ̀yìn, bí ẹni ń gbé kọ́bọ́ọ̀dù.

Nígbà tó ṣí ẹ̀rọ náà, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Onítáì ti fi agbára ti ọpọlọ sórí àga tí kì í ṣe tirẹ̀. Nígbà tí kò wọlé, ó yí i po. Nígbà tí kò tún wọlé, ó fi ìdérí irin tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn abẹ́rẹ́ kéékèèké inú sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí kò nípọn ju irun imú lọ, ti sùn sí ọ̀tún sùn sí òsì bíi koríko tí ewúrẹ́ sùn lé. Òmíràn ti kán. Ó mú rámù wò. Gbogbo rámù ló ní ibì kan tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, kí ó má bàa wọ ibi tí kì í ṣe tirẹ̀. Lára méjì nínú wọn, ẹnì kan ti fi nǹkan rin ibòmíràn.

Ìgbà yẹn ni lọ́fínńdà dé, táì tẹ̀lé e.

Onítáì wò ó, ó tún un wò. "Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ń nu eruku ní ṣọ́ọ̀bù yẹn?"

"Eruku wo?" ni Akọ̀wé béèrè.

"Eruku pọ̀ láyé," ni Màmá Bọ́ọ̀dù yára dáhùn. Ó gbé rámù sókè. "Ìwọ, wá wo nǹkan. Kí ló ṣe èyí?"

"Mo tún un ṣe díẹ̀ ni. Kò kọ́kọ́ fẹ́ wọlé."

"Kí lo fi tún un ṣe?"

Onítáì ń wo èékánná rẹ̀, èékánná náà sì mọ́ tónítóní, wọ́n rin ín roboto.

"Fáìlì èékánná," ni Màmá Bọ́ọ̀dù wí fún àwọn nọ́ọ̀sì. "Ọ̀mọ̀wé yín fi fáìlì èékánná ṣe iṣẹ́ abẹ fún rámù. Tí bàtà ò bá gba ìwọ, ṣé ìka ẹsẹ̀ lo máa ń gé?"

"Màmá, iye ojú wọn dọ́gba. Mo kà á nínú ìwé. Ẹgbàá lé mọ́kànlá ní ibí, ẹgbàá lé mọ́kànlá ní ibẹ̀. Bọ́ọ̀dù ló lárùn."

"O kà á. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, bàtà kan náà ni òun àti àbúrò rẹ̀ jọ ń wọ̀. Ìyẹn ò ní kí n ṣi ibùsùn wọ̀."

Nọ́ọ̀sì kan fi fáìlì ìwé bo ẹnu. Onítáì tún táì rẹ̀ ṣe. Ó ní òun ò ní í dúró kí ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ẹ̀rọ máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì jáde lọ. Màmá Bọ́ọ̀dù kígbe tẹ̀lé e pé kó rọra, kí táì má há sí ilẹ̀kùn.

Ó bú u lábúgbó lẹ́yìn tó lọ. Ó bú ìwé rẹ̀ àti ọ̀rá tó fi wé e. Ó bú ìyá tó ra lọ́fínńdà fún un. Bó ti ń bú u lọ, ó ṣàdédé rí i pé adùn rẹ̀ ti lọ, bí ẹni ń jẹ ọbẹ̀ tí kò ní iyọ̀. Onítáì ò mọ̀, ó ra á. Òun mọ̀, òun tà á. Tí wọ́n bá ní kí àwọn òpè méjèèjì tò sórí ìlà, ta ni yóò síwájú?

"Ṣé ó ṣeé tún ṣe?" ni Akọ̀wé béèrè.

"Bọ́ọ̀dù yìí ti kú. Kò sí nǹkan tó ṣe ọpọlọ. Rámù mẹ́fà ṣì dáa. Bọ́ọ̀dù ẹ̀gbọ́n, alága méjì, ló kù ká wá."

"Ṣé ẹ ní i?"

"Mo ní ọ̀kan," ni ìyá rẹ̀ wí. Kò sọ ibi tó wà.

Ọ̀kan ṣoṣo tó wà láàyè nínú gbogbo ọjà rẹ̀ ni èyí tó wà nínú ẹ̀rọ òun fúnra rẹ̀, tó ń bá a rántí ohun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù àti ohun tó ti jáde. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó mú sukudiráfà, ó tú u. Ó fi aṣọ ìnura wé bọ́ọ̀dù náà, ó gbé e sórí itan nínú ọkọ̀, ó ń fi ọwọ́ gbá a mọ́ra bí ọmọ tuntun. Obìnrin tó jókòó tì í béèrè bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin. "Alága méjì ni," ló dá a lóhùn, "gbogbo ẹni tó bá jókòó ló ń gbà." Obìnrin náà sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ díẹ̀.

Ó mú òkú kékeré kan dání pẹ̀lú, torí àṣà ò ṣeé fi sílẹ̀. Nínú yàrá ìgbálẹ̀ yẹn, ó kọ́kọ́ gbé ọpọlọ èkíní jókòó lé òkú. Ó wọlé wọ́ọ́. Ó gbé èkejì. Ó wọlé. Nígbà náà ló tó gbé wọn lé alààyè, ó fi ìdérí irin dè wọ́n, ó fi ọ̀rá funfun sí i, ọ̀rá gidi lọ́tẹ̀ yìí. Rámù mẹ́ta fún ọpọlọ kọ̀ọ̀kan. Akọ̀wé ló ń di tọ́ọ̀ṣì mú.

Wọ́n tan án. Fáànù ké, gbogbo rẹ̀ hó, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú.

Akọ̀wé kàn jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù funfun rẹ̀. Màmá Bọ́ọ̀dù fa rámù kìíní yọ, ó fẹ́ ẹnu sí i, ó dá a padà. Òtúbáńtẹ́. Ó fa èkejì yọ, ó wò ó nínú ìmọ́lẹ̀, ó rí irun ewú kan tó dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Irun orí tirẹ̀ ni. Ó fa á kúrò, ó sì bú u lórúkọ tí a kò lè kọ síbí. Wọ́n tún un tàn. Fáànù ké. Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lójú kọ̀ǹpútà, rámù ń ka ara rẹ̀, mẹ́fà pé. Kò pẹ́, àkọsílẹ̀ yọ: ọmọ obìnrin, ìwọ̀n rẹ̀, wákàtí tí wọ́n bí i, ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀.

Akọ̀wé fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Kò tíì nù ún tán tí wọ́n gbọ́ ìró bàtà. Mẹ́tírọ́ọ̀nù dé, Onítáì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ti gbọ́ ìró fáànù láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Mo sọ fún yín, Mà," ni Onítáì ń wí, "pé kó tó di ọ̀la, a máa yanjú ẹ̀. Ohun tí mo rà dáa, bọ́ọ̀dù nìkan ni mo ní kí wọ́n pààrọ̀. Màmá yìí ló bá wa gbé e wá. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ra ọjà ló ti ń ṣiṣẹ́. Èèyàn dáadáa ni. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi di ọjà náà fún mi."

Ó sì wo Màmá Bọ́ọ̀dù lójú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mẹ́tírọ́ọ̀nù bọ Onítáì lọ́wọ́. Ó yìn ín, ó ní ẹni tó mọṣẹ́ ò ní fara sin. Ó kí màmá náà pẹ̀lú, ó ní kó kú iṣẹ́, kó máa bá ọ̀gá rẹ̀ ṣe é lọ. Ó ní kí Akọ̀wé tọ́jú yàrá náà dáadáa kó tó di ọ̀la, wọ́n sì lọ.

Èébú tó wà nínú Màmá Bọ́ọ̀dù lákòókò yẹn pọ̀ tó láti sun ilé alájà mẹ́ta. Ó ti gùn dé ọ̀nà ọ̀fun. Ṣùgbọ́n tó bá la ẹnu báyìí, Onítáì náà ní ẹnu tirẹ̀, wọ́n á sì béèrè bí ọjà náà ṣe jáde lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ̀ ba, ó ń ká aṣọ ìnura. Ó ká a, ó tú u, ó tún un ká.

Akọ̀wé ń wò ó. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò rí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bú ìyá rẹ̀ lójú, tí ìyá rẹ̀ wá ń ká aṣọ. Ojú rẹ̀ lọ sára òkú bọ́ọ̀dù kékeré tó wà nílẹ̀, ó dúró síbẹ̀ díẹ̀, ó padà sára ìyá rẹ̀.

"Màmá," ló wí, ohùn rẹ̀ ò ga, "inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni mo dàgbà sí. Ṣáájú kí n tó mọ ìwé kà ni mo ti mọ ohun tí ẹ fi ọ̀dà pupa kọ sára ògiri."

"Bá mi mú àpò yẹn," ni Màmá Bọ́ọ̀dù wí.

Ó mú un, ṣùgbọ́n kò tíì nà án sí i.

"Lọ́jọ́ tí ọkùnrin yẹn wá rajà, ṣé ẹ bi í pé bọ́ọ̀dù rẹ̀ dà?"